Ojú Òsì Tí Wọ́n Dì Ló Gba Ọwọ́ Ràṣídì

Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ àdúgbò wa fi aṣọ dúdú di ojú òsì mi kí n tó lọ kojú ajínigbé, àdá gé ọwọ́ àbúrò mi nítorí rẹ̀, wọ́n sì dá mi lẹ́bi pé èmi ni mo fà á.

Ẹ fara balẹ̀ kí n ro ohun tí ojú mi rí fún yín. Inú ń bí mi gan-an, ṣùgbọ́n mi ò ní bú ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni màá ṣe sọ ọ́, kí ẹ̀yin fúnra yín dá ẹjọ́ náà.

Tíṣà fíṣíìsì ni mí ní iléèwé girama kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti gboyè. Bàbá mi ní oko kòkó lẹ́yìn àdúgbò Japara, oko yẹn ló sì sanwó iléèwé mi. Nígbà tí àwọn ajínigbé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àgbẹ̀ lójú ọ̀nà oko, àwọn àgbà ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan fi ọkùnrin sílẹ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ilé wa mú èmi àti Ràṣídì.

Ọmọ àbúrò bàbá mi ni Ràṣídì. Káfíńtà ni. Bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀kùn, àga, kò sí èyí tí kò lè kàn, ẹ̀rín ò sì jìnnà sí ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀yìn sọ́mìlì kan ni wọ́n ti ń kọ́ wa ní ìbọn yíyìn, nítorí òkìtì lẹ́búlẹ́bú pákó tó wà níbẹ̀ máa ń gba ọta. Wọ́n á to agolo mílíìkì sórí gẹdú, kálukú á yin tirẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ wa ni gbogbo wa ń pè ní Kọmáńdà. Ó ti ṣiṣẹ́ aṣọ́gbó rí, ó sì fẹ́ràn kòbókò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Mo gbé ìbọn lé èjìká ọ̀tún, nítorí ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé, òun ni mo fi ń jẹun. Mo wo agolo dáadáa. Mo yìn ín. Ọta gba ẹ̀gbẹ́ òsì agolo kọjá. Mo tún un ṣe. Òsì! Ṣé ẹ ti rí i rí, kí ènìyàn máa wo nǹkan ní ọ̀kánkán, kí ọta rẹ̀ sì máa yà sí ilé ẹlòmíì?

“Tíṣà!” ni Kọmáńdà ké mọ́ mi. “Agolo ni mo ní kí o yìn, mi ò ní kí o máa kọ́ ọ níwèé!”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ràṣídì ní kí wọ́n fi bọ̀ọ̀dá òun sílẹ̀ jàre, pé agolo yẹn ló ń sá.

Inú kíláàsì ni mo ti rí ìdáhùn. Mò ń fi han àwọn ọmọ SS2 bí a ṣe ń to píìnì kí ti iwájú lè bo ti ẹ̀yìn lójú, ni mo bá ṣàkíyèsí pé ojú ọ̀tún ni mo máa ń dì, tòsì ni mo fi ń wò. Kí ló dé? Mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú, mo pa wọ́n pọ̀ kí ihò kékeré kan kù láàárín, mo fi ojú méjèèjì wo aago ara ògiri gba inú ihò náà. Mo di ojú òsì, aago pòórá! Mo là á, mo di tọ̀tún, aago wà níbẹ̀ gbọin.

Ojú òsì mi ni ọ̀gá, ọwọ́ ọ̀tún mi sì ni ọ̀gá. Àwọn ọ̀gá méjèèjì ò sí ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Tí ìbọn bá wà ní èjìká ọ̀tún, ojú òsì á gba iṣẹ́ náà ṣe, á máa wo ẹnu ìbọn láti ẹ̀gbẹ́, ọta á sì yà sí òsì láìjẹ́ pé mo mọ̀. Kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe èpè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ojú wọn rí bẹ́ẹ̀ tí wọn ò mọ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù fún mi ni kí n gbé ìbọn lọ sí èjìká òsì.

Ohun tí mo sì ṣe nìyẹn nígbà tí a tún péjọ. Agolo fò! Mo tún yin òmíràn, òun náà fò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi hó yèè. Ariwo yẹn ò tíì rọlẹ̀ tí kòbókò fi balẹ̀ sí ẹ̀yìn mi.

“Òsì? Èmi lo na òsì sí? Ọwọ́ tí o fi ń ṣan ìdí!”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í fi òsì kí àgbà, a kì í fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn. Wọ́n tọ́ èmi náà, mi ò jẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ṣé àgbà ni agolo? Ta ni mò ń kí? Mo kúnlẹ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú pákó yẹn, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ ojú ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́. Mo ní kí Kọmáńdà jẹ́ kí n fi ihò àtẹ́lẹwọ́ yẹn han gbogbo wọn.

Kọmáńdà yí ìbọn padà, ó fi ìdí rẹ̀ gbá mi lẹ́nu. Eyín iwájú mi kan yọ, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi, mo sì ń wo eyín náà lórí ilẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni.

“Ọmọ Ùjẹ̀bú gidi kì í fi òsì gbé ìbọn,” ló wí. Ó ní ojú òsì mi ló ń ṣagídí, pé òun á dè é mọ́lẹ̀ títí á fi gbọ́ràn.

Alhájì tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ẹ̀ṣọ́ jókòó síbẹ̀, lábẹ́ ibòòji, ó rí gbogbo rẹ̀. Mo yíjú sí i. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, “Gba fún ọ̀gá ẹ, ọmọ mi. Òsì ò sunwọ̀n.”

Báyìí ni aṣọ dúdú ṣe wọ ọ̀rọ̀ mi. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá fẹ́ gbé ìbọn, Kọmáńdà fúnra rẹ̀ á di ojú òsì mi, á so ó le débi pé orí á máa fọ́ mi. Mi ò ní parọ́ fún yín: pẹ̀lú aṣọ yẹn, mo ń ba agolo láti èjìká ọ̀tún. Àmọ́ agolo kì í rìn. Agolo kì í mú àdá dání!

Mo sọ ọ́ fún un níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé mi ò rí apá òsì mi rárá, pé tí nǹkan bá gba ibẹ̀ yọ, kí n tó yí orí, ó ti bá mi. Ó ní ẹni tí ẹ̀rù ń bà kó lọ máa bá àwọn obìnrin gún ata. Mo lọ bá Alhájì nílé, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó ní òun ti gbọ́. Kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀? Oko bàbá mi ńkọ́? Ta ni yóò ṣọ́ ọ?

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Obìnrin kan sáré wọ ìlú láti ojú ọ̀nà oko, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ó ní wọ́n ti gbé ọkọ òun àti ìyá kan tó ń ṣa obì. A gun ọ̀kadà, ó di ojú ọ̀nà. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ létí oko, Kọmáńdà yọ aṣọ dúdú lápò, ó ní, “Tíṣà, bọ́ síbí.” Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní lónìí nìkan, sà. Ó dì í.

Ràṣídì wò mí, ó rẹ́rìn-ín. “Bọ̀ọ̀dá, tí arẹwà bá gba apá òsì yín kọjá, èmi ni mo ni ín o, ẹ̀yin ò rí i.” Ó wá ní òun á wà nítòsí, pé kí n má mikàn.

A tò bí ìlà wọ inú kòkó. Ràṣídì wà ní apá ọ̀tún mi. Èmi ni mo wà lópin ìlà lápá òsì. Ẹ kíyè sí i dáadáa: ẹni tí wọ́n di ojú òsì rẹ̀ ni Kọmáńdà fi ṣọ́ òpin apá òsì! Òun fúnra rẹ̀ dúró ti ọ̀kadà, ó ní òun ń fi fóònù pe àwọn ọlọ́pàá.

Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀, mi ò rí òjìji. Ohùn Ràṣídì ni mo gbọ́: “Òsì! Bọ̀ọ̀dá, òsì yín!”

Mo yí, mo já aṣọ kúrò lójú. Ọkùnrin kan ti yọ láàárín igi kòkó, ó gbé àdá sókè, kò jìnnà sí mi ju ìbú yàrá kan lọ. Ìbọn ṣì wà ní èjìká ọ̀tún tí kòbókò ti kọ́ mi. Ojú méjèèjì là. Mo wo àyà rẹ̀, mo yìnbọn. Ọta yà sí òsì, ó lọ fọ́ èso kòkó yángá. Kò tilẹ̀ ha ọkùnrin náà lára!

Ó ń bọ̀. Ọrùn mi ló ń wò. Ràṣídì yin ìbọn tirẹ̀, kò dún. Ó bẹ́ sí àárín wa, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè.

Àdá yẹn balẹ̀. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ lórí egungun. Mo sì ń gbọ́ ọ títí di òní.

Ràṣídì wólẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń tú bí omi ẹ̀rọ. Ọkùnrin náà tún gbé àdá sókè. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ló wà lọ́wọ́ mi, ọta kan ṣì kù nínú rẹ̀. Mi ò ronú. Mo gbé ìbọn lọ sí èjìká òsì, mo yìn ín. Ọta wọ ìbàdí rẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀, ó ń ké bí ẹran. Nígbà tí àwọn yòókù rẹ̀ gbọ́ igbe rẹ̀, wọ́n fi àwọn tí wọ́n gbé sílẹ̀, wọ́n sá lọ. Ọkọ obìnrin yẹn àti ìyá olóbì jáde láàyè, àlùhàmdùlílàhì.

Aṣọ dúdú tí mo já kúrò lójú ni mo fi so apá Ràṣídì kí ẹ̀jẹ̀ má bàa tán lára rẹ̀. A gbé e sáàárín lórí ọ̀kadà, orí rẹ̀ wà léjìká mi, ó ń ka kálímà lábẹ́nu.

Dókítà ṣe ohun tó lè ṣe. Ọwọ́ yẹn ò ṣeé dá padà. Nígbà tí Ràṣídì jí, ó wo ibi tí wọ́n di, ó wá bi mí jẹ́jẹ́, “Bọ̀ọ̀dá, báwo ni mo ṣe máa fa ráńdà lórí pákó?”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí ni ẹ̀yin ì bá sọ?

Ẹ gbọ́ ohun tó wá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó. Kọmáńdà dìde, ó ní èmi ni mo tú aṣọ tí òun dì, èmi ni mo fi òsì yìnbọn, pé òsì ló mú ibi wá. Irọ́! Ìbọn tí mo yìn láti ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí àṣẹ rẹ̀, ni kò bà. Èyí tí mo yìn láti òsì ló dá ajínigbé dúró. Ọwọ́ Ràṣídì ti gé kí ìbọn tó kan èjìká òsì mi. Ìyá olóbì dìde, ó ní, “Ọmọ yìí ló gbà wá o!” Wọ́n ní kó jókòó, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin.

Wọ́n lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́. Wọ́n kí Kọmáńdà kú iṣẹ́ takuntakun. Alhájì lọ bá ìyá Ràṣídì nílé, ó ní agídí mi ló gba ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ìyá tó fi ẹ̀kọ mímu tọ́ mi dàgbà kò dá mi lóhùn mọ́ bí mo bá sálámà.

Yàtọ̀ sí ìyá olóbì, Ràṣídì nìkan ló mọ òtítọ́ tí kò sì bẹ̀rù láti sọ ọ́. Òun ló ní kí n kọ èyí. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ mi purọ́.”

Ohun tí mo kọ́ rèé: ọ̀wọ̀ fún àgbà dára, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọ̀wọ̀ fọ́ni lójú. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹ̀ṣọ́, ẹ fi ihò àtẹ́lẹwọ́ dán ojú yín wò lónìí. Tí ojú àti ọwọ́ yín ò bá bára mu, ẹ sọ ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ lo èjìká tó bá ojú yín mu. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Iwopin, ní apá Ogun Waterside, ní òsì lòun fi ń yin ìbọn láti ọjọ́ tó pẹ́, kò sì sẹ́ni tó nà án. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé wọ́n ti nà yín rí lórí òsì? Ẹ sọ tiyín lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tí ẹ sì dákẹ́.

Ní tiyín, Kọmáńdà: ta ló ní kí ẹ fi afọ́jú ẹ̀gbẹ́ kan ṣọ́ òpin ìlà? Kí ló dé tí ẹ̀yin fúnra yín fi dúró ti ọ̀kadà?

Alhájì, ẹ rí eyín mi lórí ilẹ̀, ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi nílé yín. Kí ni ẹ ṣe sí i? Ìgbà wo ni ẹ máa padà lọ bá ìyá Ràṣídì, kí ẹ sọ fún un, lójú ọmọ rẹ̀, ẹni tó di aṣọ yẹn?