Verna Ẹnu-Ọ̀nà àti Oúnjẹ Àlejò

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Verna Maki ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Duluth, ní Amẹ́ríkà, tó ń fa káàdì àwọn ọmọ lára ẹ̀rọ: bí ọmọ bá wọlé lẹ́ẹ̀kan, oúnjẹ kan kúrò lórí káàdì rẹ̀ nìyẹn. Èmi ń dín ẹyin nínú lọ́hùn-ún, mo sì ń gbọ́ gbogbo ohun tó bá sọ, torí ohùn Verna, ẹ gbà mí, ó ju ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ lọ!

Oúnjẹ ọmọ ni Verna fi ń mọ bí àpò ọmọ náà ṣe rí. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, tí owó bá ti ilé dé, ibi gbogbo á dá páropáro lọ́dọ̀ wa: wọ́n ti lọ ra písà nígboro. Tó bá dọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n á rọ́ wá wìtìwìtì, wọ́n á máa kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sápò aṣọ òtútù. Verna ní tiẹ̀ kì í jẹun wa. Inú ọkọ̀ rẹ̀ ló ti ń jẹ búrẹ́dì tó bá gbé wá láti ilé.

Ní Oṣù Kejìlá, ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí ìdánwò parí, Tamsin Boyd, ọmọ ọdún kìíní, na káàdì rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́.

"Oúnjẹ orí káàdì rẹ ti tán pátá," ni Verna wí. "Báwo lo ṣe jẹ ẹ́?"

"Níbẹ̀rẹ̀ sáà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mò ń wọlé lóòjọ́, mà. Áísìkiriìmù ni."

"Odindi oúnjẹ kan nítorí áísìkiriìmù! Owó tí bàbá rẹ fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Mo ti fi ra kọfí."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ọmọ náà kò tíì jẹun láti àná ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá jẹ́ kí ọmọ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n káàdì kọ̀ọ̀kan tún ní oúnjẹ mélòó kan tí ọmọ lè fi gba àlejò wọlé.

Verna bá dìde. "Ẹ̀yin ọmọ! Ta ló ṣì ní oúnjẹ àlejò lórí káàdì? Bí sáà bá parí, ó jóná o!"

Ọmọ kan tó ń jẹ́ Griffin ń kọjá lọ pẹ̀lú páálí omi mẹ́ta, ó ń fi ìyókù owó káàdì rẹ̀ ṣòfò.

Verna ké sí i pé, "Omi kí ni? Adágún ńlá wà lẹ́yìn ilé yín, àbí ẹja lo fẹ́ sìn?"

"Owó á jóná ni, mà!"

"Gbé e kalẹ̀! Oúnjẹ àlejò mélòó ló kù fún ọ?"

"Mẹ́fà."

"Àlejò rẹ rèé. Tamsin ló ń jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́jọ: ó yá, ó ku mẹ́wàá!"

"Mo ní mẹ́rin!" "Èmi náà, mẹ́fà!" Ariwo ta! Mo sáré jáde wá wòran, ẹyin mẹ́jọ jóná mọ́ páànù, n ò bìkítà. Inú mi dùn dé góńgó! Tamsin jẹun lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ títí ìdánwò fi parí, nídìí tábìlì àwọn tí kò mọ̀ rí.

Ní Oṣù Kìíní, tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, Tamsin ló kọ́kọ́ dé.

"Ẹ fa káàdì mi lẹ́ẹ̀mejì, mà."

"O tún ti bẹ̀rẹ̀!"

"Ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti àlejò."

"Àlejò ọ̀hún dà?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ dìde."

Verna di àga rẹ̀ mú. Mo kígbe pé, "Dìde jàre, mo ti fọ́ ẹyin mẹ́ta!" Ó rọra wọlé, ó gbé àwo, ó dúró láàárín ilé oúnjẹ tó ti ń ṣọ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì bi mí níbi tí a ń kó fọ́ọ̀kì sí.