Àìsàn Tó Wá Bá Mi Nínú Opó

Mùkáílà ni orúkọ rẹ̀. Ìyàwó ilé kì í dárúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀, mo mọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn ni mo ti ń pè é ní Adúmáadán, orúkọ tí mo fi ń pọ́n ọn lé. Mo ti gba orúkọ náà padà. Mùkáílà ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lè kàn lọ́la.

Ohun tó kọ́kọ́ fu mí lára ni àbóníkí. Orí ń fọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rò pé ẹkún ló fà á, nítorí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Mo ṣí agolo ìpara náà, mo fi ra iwájú orí. Ó tutù lára mi, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ òórùn kankan. Mo gbé e sábẹ́ imú, mo fà á símú títí omi fi bọ́ lójú mi. Kò sí nǹkan kan. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rù sì bà mí bí ẹni tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú ilé tó mọ̀ pé òun nìkan wà.

Kò tíì pẹ́ tí a ṣe àdúà fídáù ọjọ́ kẹjọ ọkọ mi nínú pálọ̀ wa ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí. Àrùn ọkàn tó ti ń bá a fínra tipẹ́ ló pa á. Ìjọba kò tíì kéde kónílé-ó-gbélé nígbà náà, wọ́n kàn ń ní ká máa fọwọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́nsì fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní New Cross, mo sì ń tẹ̀ lé ìròyìn Ítálì. Mo ní kí kálukú ṣe àdúà nílé rẹ̀. Mùkáílà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ítálì dé ni, níbi tó ti lọ ra bàtà tó máa tà. Òun ló dá mi lóhùn láàárọ̀ ọjọ́ fídáù, lójú gbogbo ẹbí, bí wọ́n ṣe ń dín ẹran lọ́wọ́ ní kíṣínì.

"Ìyàwó wa, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, ilé ọtí ṣí, bọ́ọ̀sì ń kún fọ́fọ́. Ṣé ilé ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kòrónà mọ̀nà ẹ̀ ni?"

"Ẹ ń húkọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ yẹn."

"Ata yín ni! Tíṣà, ẹ ti fẹ̀yìn tì o. Kò sí ọmọ ilé ìwé níbí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kúdí, ọmọbìnrin mi, yọjú láti kíṣínì: "Uncle, ṣé wọn ò ní kí ẹni tó bá ti Ítálì dé ṣe tẹ́ẹ̀sì ni?"

"Tẹ́ẹ̀sì kí ni? Ṣé mo jọ aláìsàn lójú ẹ ni?"

Nígbà tí àdúà ń lọ, ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó gbórí lé èjìká mi, ó sunkún. Ẹkún tòótọ́ ni. Ta ló máa ti ẹni tó ń sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dànù?

Opó ni mò ń ṣe, opó kì í sì í jáde láìnídìí lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí. Mi ò dé ọjà Rye Lane, mi ò wọ bọ́ọ̀sì. Kí ìjọba tó sé gbogbo ìlú mọ́lé ni èmi ti wà nínú ìsémọ́lé tèmi. Àìsàn yìí kò lè ní ọjà ni òun ti pàdé mi. Ẹnì kan ló gbé e wọlé wá bá mi. Àwọn tó wá kí mi pọ̀ lóòótọ́, bí mo sì ṣe jẹ́ olùkọ́ sáyẹ́nsì, mo mọ̀ pé ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tí Mùkáílà rọ̀ mọ́ nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni mo sì ń fẹ́ lẹ́nu rẹ̀: kó sọ pé òun ni.

Ibà dé lẹ́yìn orí fífọ́. Gbogbo egungun ń ro mí bí ẹni tí wọ́n gún lódó. Kúdí pe nọ́ńbà tí ìjọba ní ká máa pè. Wọ́n ní kò sí àyẹ̀wò fún ẹni tó bá wà nílé, kí n mu omi, kí n máa dúró. Mo dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà: ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ lè máa lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé èémí há èèyàn rárá. Ara á kàn máa rọ̀ ọ́, oorun á máa kùn ọ́, ìwọ á ní ó ń san. Fátíhà ló tú mi fó. Mò ń kírun lórí ìjókòó, Kúdí sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ́mì, ẹ ń gé Fátíhà. Ẹ ń dúró mí láàárín ẹ̀."

Mo ní kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Ó wo ètè mi, ó sì pe ọkọ̀ aláìsàn.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, wọn kò jẹ́ kí Kúdí tẹ̀ lé mi wọlé. Nínú yàrá tí a ti ń dúró de dókítà, wọ́n ti lẹ téèpù mọ́ àwọn àga kí a má baà sún mọ́ra. Bí ẹnì kan bá húkọ́, gbogbo wa á wò ó bí ẹni wo olè. Wọ́n ti igi tín-ín-rín tó ní òwú lórí bọ imú mi títí ó fi dà bíi pé ó kan ọpọlọ. Àyẹ̀wò náà nìyẹn. Mo ní kòrónà, ó sì ti di òtútù àyà: ẹ̀dọ̀fóró tó yẹ kí afẹ́fẹ́ kún ti ń kún fún omi. Wọ́n fi ìbòmú ọ́síjìn bò mí, wọ́n dá mi dojú bolẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀fóró máa ń ṣí sí i bí èèyàn bá sùn bẹ́ẹ̀.

Dókítà kan ní bí ọ́síjìn náà kò bá tó, àwọn á kùn mí lóorun kí ẹ̀rọ máa bá mi mí. Mo bi í pé mélòó nínú àwọn tí wọ́n kùn lóorun bẹ́ẹ̀ ló ń jí. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ló ń tún ṣe. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ti ń pe orúkọ ẹnì kan láti ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, kò pè é mọ́. Wọ́n fa kọ́tìnì.

Ibẹ̀ ni mo dojú bolẹ̀ sí tí mo gbọ́ ohùn Mùkáílà lórí fóònù, nínú ohùn tó gbà sílẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí: "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ikọ́ lásán ni. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń pè ní kòrónà báyìí."

Wọn kò kùn mí lóorun. Ara mi yàn láti padà wá, díẹ̀díẹ̀. Irun mi re. Mo kọ́ àtẹ̀gùn gígùn bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Nígbà tí imú mi padà ṣiṣẹ́, búrẹ́dì ń rùn sí mi bíi rọ́bà tó ń jóná.

Ọdún ti gorí ọdún, síbẹ̀ àwọn èèyàn kò tíì yéé jiyàn lórí ìsémọ́lé náà. Àwọn kan ní kò yẹ kí wọ́n sé ìlú mọ́lé rárá, àwọn mìíràn ní ó pẹ́ jù kí wọ́n tó sé e. Níbi ìpàdé ẹbí wa lẹ́nu àìpẹ́ yìí, Mùkáílà tún gbẹ́nu lé e.

"Irọ́ ni gbogbo ẹ̀! Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wa pa lásán. Èmi tí mo ti Ítálì dé, ta ló ṣe tẹ́ẹ̀sì fún mi? Ṣé mo kú ni?"

"Ẹ ò kú," ni mo wí. "Ẹ bèèrè ohun tí èmi rí."

Mo gbé báàgì mi, mo jáde.

Mùkáílà sáré tẹ̀ lé mi, ó gba báàgì náà lọ́wọ́ mi. Mo dúró mí kí n tó dé ibùdókọ̀. Bí mo ṣe ń rìn nìyẹn nísinsìnyí, n kò sì tijú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀dọ̀fóró tó ti gbó, tó ti rì tó sì tún léfòó, kò jẹ mí ní ìgbésẹ̀ kankan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Kúdí tó gbọ́ ibi tí Fátíhà mi ti ń já, àti nọ́ọ̀sì tó ń yí mi padà lórí bẹ́ẹ̀dì bí ìkókó, tí mi ò rí ojú rẹ̀ rí nítorí ìbòmú. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, bí ara yín bá sọ ohun kan fún yín, ẹ má jẹ́ kí ẹrín àwọn èèyàn bò ó mọ́lẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ti ń bọ̀ lókèèrè. Mùkáílà ò gbé báàgì náà fún mi. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì fún mi nígbà tí mo dé, ìyàwó wa. Àárọ̀ ọjọ́ fídáù ni wọ́n pè mí pé mo ní in, pé kí n má jáde. Mo ti wọ aṣọ tán. Mo ní tí mi ò bá wá, kí ni wọ́n á sọ pé mo fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe?"