Awò Tí Kò Rí Ẹja

Ọ̀gbẹ́ni Délé Akíntóbi ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi ojú mi gbolẹ̀ nídìí iṣẹ́. Mo fi orúkọ rẹ̀ ṣíwájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ti gbàgbé. Òun ni ọ̀gá wa ní ilé ìtọ́jú ojú kan ní Ìkòròdú, níbi tí mo ti ń yẹ ojú àwọn èèyàn wò, tí mo sì ń yan awò fún wọn. Lọ́sẹ̀ tí mo tún àṣìṣe rẹ̀ kan ṣe níwájú aláìsàn, ó kọ̀wé pé n kò mọ iṣẹ́, ó sì lé mi lọ sí ẹ̀ka wa ní Ẹ̀pẹ́. Ó ní lóṣù kẹta òun yóò wá wo iṣẹ́ mi. Bí awò mi kò bá wúlò fún àwọn tí mo ṣe é fún, kí n máa lọ sílé.

Kí ẹ tó dá ẹjọ́ wa, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ojú ṣe ń ríran. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ti ara ohun tí à ń wò wá, tó ń gba iwájú ẹyinjú wọlé. Awọ mímọ́ gaara tó wà níwájú á tẹ̀ ẹ́, dígí kékeré inú ojú á tún tẹ̀ ẹ́ sí i, kí gbogbo rẹ̀ lè pàdé lójú kan lára ògiri ẹ̀yìn ẹyinjú. Bí ẹyinjú bá gùn jù, ìmọ́lẹ̀ á pàdé kó tó dé ògiri, ohun tó jìnnà á sì ṣe bàìbàì. Bó bá kúrú jù, ìmọ́lẹ̀ á dé ògiri kó tó pàdé, ohun tó súnmọ́ ni yóò sì kọ́kọ́ yọ èèyàn lẹ́nu. Nígbà èwe, dígí inú ojú rọ̀, ó ń wú fúnra rẹ̀ láti wo nǹkan ìtòsí. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ó ń le, a ó sì máa na ìwé jìnnà sí ara bí ẹni pé ó ń rùn. Iṣẹ́ awò kò ju pé kó bá ojú tẹ ìmọ́lẹ̀ dé ibi tó yẹ.

Àwọn obìnrin tó ń ha ìpẹ́ ẹja ní Ọjà Olúwo ló wá bá mi ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí oṣù kẹta náà wọlé. Gbogbo wọn ló dá èéfín ẹja yíyan lẹ́bi pé ó ba ojú àwọn jẹ́. Mo yẹ̀ wọ́n wò, mo rí i pé ọjọ́ orí ni. Mo ṣe awò fún mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa: mo gbé káàdì onínọ́ńbà sí ibi tí èèyàn máa ń gbé ìwé sí, mo yan dígí tó bá a mu. Inú wọn dùn, èmi náà ń fọ́nnu.

Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò síwájú tábìlì mi, awò wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ wọn. Alhaja Sìfáwù, olórí wọn, ti fi aṣọ wé àtàǹpàkò tí ọ̀bẹ gé.

"Ọmọ mi, gba awò rẹ. Kò rí ẹja."

Mo fún wọn ní abẹ́rẹ́ àti òwú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ki òwú bọ̀ ọ́, mo sì ní ṣebí wọ́n rí i pé awò náà dára.

"Abẹ́rẹ́ àti ìwé ló ń rí," ni Alhaja wí. "Èmi kì í ha ìpẹ́ ìwé."

Mo ní kí wọ́n máa tẹ̀ súnmọ́ ẹja díẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá imú ni kí àwọn fi máa ha á.

Ẹ̀rù bà mí. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Akíntóbi dé, awò mẹ́fà ló sì wà nílẹ̀ tí kò wúlò. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ jókòó ní ìsọ̀ Alhaja. Kò pẹ́ tí mo fi rí ìwà òmùgọ̀ mi. Orí àpótí kékeré ni wọ́n jókòó sí, pákó ẹja wà nílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ wọn. Mo yá tépù lọ́wọ́ télọ̀ kan, mo wọn láti ojú wọn dé ibi tí ẹja ẹ̀pìyà wà lórí pákó: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ibi tí mo gbé káàdì sí. Bí nǹkan bá ṣe jìnnà sí èèyàn tó, bẹ́ẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ tí ojú ń fẹ́ ṣe ń dín kù. Awò mi ti lágbára jù. Ó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ pàdé kó tó dé ògiri.

Mo ṣe òmíràn tí agbára rẹ̀ kéré sí i, mo wọn pákó ẹnì kọ̀ọ̀kan. Alhaja kò jẹ́ kí n gba ti àkọ́kọ́, wọ́n ní èyí ni àwọn yóò fi máa ka Kùránì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi awò méjì kọ́ ọrùn. Èyí tó bá ń rùn ni ti ẹja.

Akíntóbi dé. Ó gbé káàdì síwájú Alhaja nígbà tí awò ẹja wà lójú wọn, nọ́ńbà kò sì hàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ti ń wá bírò. Alhaja ní kí ọ̀gá ṣe sùúrù. Wọ́n mú un dé ìsọ̀, wọ́n fi í jókòó sórí àpótí tòun ti ṣòkòtò funfun rẹ̀ àti awò ìkàwé tirẹ̀, wọ́n fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ ha á ká wò ó."

Ó ha pákó. Nígbà tí ọ̀bẹ rẹ̀ kan ẹja, ìpẹ́ fò sí i lẹ́nu, ẹ̀rín sì gba gbogbo ìsọ̀. Ó dìde, ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Kò lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ nígbà tó yá, mo gbọ́ pé ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti máa fi tépù wọn ibi iṣẹ́ aláìsàn, ó ní òun ló ronú kàn án. Mo lo ọdún mọ́kànlá ní Ẹ̀pẹ́, mo jẹ ẹja, mo sanra. Ti tépù yẹn nìkan ni n kò tíì dárí rẹ̀ jì í.

Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó Akíntóbi fà á lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù awò tí mo ṣí fúnra mi ní àdúgbò Agric, ní Ìkòròdú. Awò mẹ́ta tí wọ́n ṣe fún un níbòmíràn kò bá a mu. N kò kánjú. Mo rí i pé iwájú ẹyinjú rẹ̀ kò rí rogodo bíi bọ́ọ̀lù mọ́, ó ti rí bọrọgidi bí ẹyin adìyẹ, ìmọ́lẹ̀ kò sì pàdé lójú kan. Mo ń yí dígí díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ka pátákó lẹ́tà dé ìlà ìsàlẹ̀. Nígbà náà ni mo bi í léèrè ìwé tó kọ nípa mi, bóyá ó gbà lóòótọ́ pé n kò mọ iṣẹ́.

Ó wò mí dáadáa.

"Fọlákẹ́, mo mọ̀ pé o mọ iṣẹ́ jù mí lọ. Ká ní mo fi ọ́ sílẹ̀ ní Ìkòròdú, ta ni ì bá tún máa pè mí ní ọ̀gá?"