Amp Mi Ò Bàjẹ́, Pálọ̀ Ló Ṣófo

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí pẹ̀lú amp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá mi sókè, nílé wa n'Íbà.

Èmi àti àbúrò mi, Bùnmi, la jọ ń gbé. Aránṣọ ni. Pálọ̀ wa náà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, aṣọ oníbàárà kún ara ògiri débi pé ẹ ò lè rí ọ̀dà. Igun kan ni mo máa ń jókòó sí ta gìtá, tí mo bá ń múra orin Sọ́ńdè sílẹ̀. Reverb díẹ̀ ni mo máa ń fi sí i, kí ohùn rẹ̀ lè fà bíi ti inú ṣọ́ọ̀ṣì.

Bùnmi ṣègbéyàwó, ó kó lọ sí Ìbàdàn.

Àfi bí gìtá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi pé inú kànga ni mo wà. Mo yí bọ́tìnì reverb wálẹ̀, kò gbọ́. Mo pa á pátápátá, ohùn ṣì ń fà. Ṣé ẹ̀yin náà ò ní rò pé amp ti bàjẹ́?

Mo gbé òun àti gìtá lọ sí ọjà Àlàbá. Bọ̀dá tó ń tún amp ṣe tàn án láàárín àwọn páálí tẹlifíṣọ̀n, ó dún ketekete. Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é, kí n máa gbé e lọ. Mo délé, kànga tún bẹ̀rẹ̀.

Bùnmi pè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní kó gbọ́ ọ fúnra ẹ̀, mo ta gìtá sí fóònù.

"Sìstá mi, ṣé ilé ìwẹ̀ lẹ wà ni?"

"Pálọ̀ wa ni."

"Áà. Mi ò fi aṣọ kankan sílẹ̀ fún ògiri yẹn."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé àwọn aṣọ náà ló ń fa ohùn mu tẹ́lẹ̀.

Bùnmi fi kọ́tìnnì méjì tó nípọn ránṣẹ́. Mo fi wọ́n kọ́ ògiri, mo tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, mo tún ṣí reverb díẹ̀. Ohùn náà jáde bí mo ṣe fẹ́ ẹ gan-an. Mo yíjú sẹ́yìn láti bi Bùnmi bóyá ó dùn.

Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo pa amp, mo kàn jókòó.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí ẹ tó gbé amp yín lọ fún atúnṣe, ẹ kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ nínú yàrá yín, kí ẹ gbọ́ bó ṣe máa dáhùn. Aṣọ lè tún ohùn gìtá ṣe. Ti ìdákẹ́jẹ́ inú ilé, mi ò tíì mọ ohun tó lè tún un ṣe. Ẹ̀yin tí èèyàn yín kó lọ rí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, mo fẹ́ kà á.