Fọ́ọ̀mù Mẹ́ta Tó Kù fún Ilé-Ìwé Borghild Tveit

Àwọn tó ń sọ pé ọkàn Borghild Tveit kì í mì kò bá a gbé àdúgbò rí. Èmi tí fèrèsé ilé ìdáná mi kọjú sí tirẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún ní Ballard, ní ìlú Seattle, mo mọ ohun tí ojú mi rí. Tí nǹkan bá ń jẹ obìnrin yẹn lọ́kàn, ife tó ti fọ̀, tó ti gbẹ, ni yóò tún kó sínú omi. Láti oṣù Kẹta títí di àárín oṣù Karùn-ún ọdún 1971, ó fọ ife títí tí òdòdó tí wọ́n yà sí wọn lára fi ṣí kúrò.

Alásè ni. Ilé-ìwé àwọn ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wà lókè àdúgbò wa ló ti ń se oúnjẹ ọ̀sán. Nils ọkọ rẹ̀ bá ọkọ̀ apẹja lọ sí Alaska ní ọdún 1958, ọkọ̀ náà kò sì padà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí lọ sí California, ó sì fi ọmọ tirẹ̀, Kari, sílẹ̀ fún ìyá àgbà. Ohun tó gbé ọmọbìnrin náà lọ kò kàn mí, n kò sì ní sọ ọ́.

Ilé ìdáná ilé-ìwé yẹn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí kì í lè wọ yàrá ìjẹun nítorí yẹ̀yẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń gbà wọlé, wọ́n á bá Borghild bó pòtétò, wọ́n á jẹun lórí ìdúró, wọ́n á sì lọ. Ọmọ mi Lorene wà lára wọn. Lorene ń kólòlò. Tó bá ti la ẹnu, àwọn tíṣà á bá a parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n lè tẹ̀ síwájú, àwọn ọmọ á sì bá a parí rẹ̀ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Èmi ìyá rẹ̀ náà ń ṣe é, n kò ní purọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ń pẹ́ jù, àyà mi sì máa ń já. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó kúkú pa ẹnu dé. Oṣù márùn-ún gbáko, kò sọ̀rọ̀ ní ilé-ìwé. Ilé-ìwé gíga ti àdúgbò wa sì ń bọ̀ níwájú, níbi tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sókè ti tó ẹgbẹ̀rún méjì.

"Verna," Borghild pè mí lọ́jọ́ kan láti ojú fèrèsé, "ta ló ní dandan ni kí ọmọ lọ sí ilé-ìwé tó bá sún mọ́ ilé rẹ̀?"

"Ìjọba ni, Màmá."

"Ta ni nínú wọn? Ṣé ó ní tẹlifóònù?"

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Kò ṣàwàdà. Ó pe ẹni náà, ó pe ẹni tó ju ẹni náà lọ, ó sì gbé búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí àwọn ará Nọ́wè, ìran tirẹ̀, fi ń ṣe àlejò lọ fún wọn. Kò pẹ́ tí èmi, òun àti Desmond Furuya, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, fi ń pàdé nídìí tábìlì rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ilé-ìwé gíga tuntun, ti ìjọba, la fẹ́ dá sílẹ̀, kò ní sí owó sísan, kò ní sí ìdánwò àbáwọlé. Àdúgbò kankan kò ní ni ín, ọmọ tó bá wù ló ń bọ̀. Tó bá di Ọjọ́rú, gbogbo ilé á jókòó pọ̀, tíṣà, ọmọ àti alásè, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbò kan. Desmond tún ní kí àwọn ọmọ máa pe àwọn tíṣà lórúkọ.

"Kí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá máa pè ọ́ ní Desmond gbàǹgbà?" mo bi í.

"Orúkọ tí ìyá mi sọ mí nìyẹn."

"Ìwọ ò lójútì."

Àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú gbà, ẹnu sì yà wá. Wọ́n fún wa ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n ti tì pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, òrùlé rẹ̀ ń jò. Wọ́n ní kí a kó fọ́ọ̀mù ọgọ́ta ọmọ wá ṣáájú agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún. Tí kò bá pé ọgọ́ta, kò ní sí ilé-ìwé lọ́dún yẹn. Ọ́fíìsì wọn ní àwa ni ká kọ fọ́ọ̀mù náà bó ṣe wù wá, kí òbí ṣáà ti buwọ́ lù ú.

Ibẹ̀ ni Borghild ti dá wàhálà sílẹ̀. Ó ní kí a fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀, tí ọmọ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí pé òun ni òun yan ibẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí ìlà náà bá ṣófo, a kò ní kà á.

"Màmá, ìjọba ò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ wa," mo ní. "Ọwọ́ òbí ti tó."

"Ọmọ ló máa jókòó síbẹ̀, kì í ṣe òbí."

"Ọmọ wo ló mọ ohun tó dáa fún un?"

"Àwa náà ò mọ̀ ọ́n, Verna. A kàn dàgbà ni."

A dìbò. Èèyàn méjì fọwọ́ sí i, ẹnì kan kọ̀ ọ́. Èmi ni ẹnì kan yẹn. Desmond tẹ ìlà náà sórí fọ́ọ̀mù, ọ́fíìsì lù ú ní òǹtẹ̀, ó sì di òfin.

Ní oṣù Kẹta, òbí mọ́kànléláàádọ́rin ló ṣèlérí fún wa. Mo sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Àṣé iṣẹ́ ń bẹ níwájú. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ń lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ́gọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún, ọkọ mi náà wà nínú wọn, ìdílé sì ń kó kúrò ní Seattle lójoojúmọ́. Mo máa ń dúró lójú fèrèsé, màá rí ọkọ̀ tí wọ́n di tìmùtìmù mọ́ lórí. N kò rò ó mọ́ pé ẹni ire kan ló ń lọ. Ohun tí mò ń rò ni pé fọ́ọ̀mù méjì ló ń lọ yẹn. Nígbà tí oṣù Kẹrin parí, ó ku mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, ó ku mọ́kànlélọ́gọ́ta. Tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló wà nínú àpò ìwé Borghild, Desmond sì ti jáde láti máa kan ilẹ̀kùn kiri.

Fọ́ọ̀mù mẹ́ta mìíràn wà lórí tábìlì. Òbí ti buwọ́ lù wọ́n, ṣùgbọ́n ìlà ọmọ ṣófo. Ti Kari ni ọ̀kan. Méjì yòókù jẹ́ ti Sherri àti Gwen, ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì tí kì í yọ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kari ń fọn fèrè, fèrè dúdú gígùn kan tí bàbá àgbà rẹ̀ rà lọ́wọ́ atukọ̀ kan. Ilé-ìwé gíga àdúgbò wa sì ní ẹgbẹ́ afọnfèrè ọgọ́rin èèyàn, tó máa ń ṣáájú ìwọ́de àjọ̀dún àwọn ará Nọ́wè ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Karùn-ún. Láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti ń sáré tẹ̀ lé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Kari wọlé bá èmi àti Borghild ní agogo mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Borghild ń fọ ife.

"Besta, mélòó ló kù?" Bó ṣe máa ń pe ìyá àgbà rẹ̀ nìyẹn.

"Mẹ́ta."

Kari wo fọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó nílò àlàyé.

"Sherri ní ohun tí mo bá ṣe lòun máa ṣe. Gwen náà sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́."

"Ilé-ìwé yín ò ní ẹgbẹ́ afọnfèrè."

"Kò ní."

"Ṣé ó máa ní tó bá yá?"

Mo la ẹnu. Irọ́ náà ti délẹ̀ lẹ́nu mi, ó ti gbóná, ó kù kí n tú u síta. Borghild yára ju mi lọ.

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ọgọ́ta èèyàn péré ni. Bóyá a ó rí ẹni méjì tó ní gìtá."

Kari gbé àpótí fèrè rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó, ó fa fọ́ọ̀mù tirẹ̀ sọ́dọ̀, ó sì mú bírò. "Besta, tí ẹ bá ní kí n kọ ọ́, màá kọ ọ́. Màá pe Sherri àti Gwen wá báyìí."

Mo fi ẹsẹ̀ gbá ẹsẹ̀ Borghild níbi tó ti ń fọ ife. N kò fi ṣeré. Gbólóhùn kan ni, kọ ọ́, ó tán, ọmọ mi yóò nílé-ìwé. Borghild gbé ife kan tó ti gbẹ, ó sì tún rì í sínú omi. Ó wù ú láti sọ ọ́. Ọlọ́run ló rí mi, ó wù ú ju bó ṣe wu èmi gan-an lọ.

"Ṣé o fẹ́ lọ síbẹ̀?" ó bi í.

"Rárá."

"Ó dáa. Gbé bírò yẹn sílẹ̀. Oúnjẹ rẹ wà nínú ààrò."

"Màmá!" mo kígbe. "Lorene ńkọ́?"

"Mo mọ Lorene."

"Ẹ ò mọ nǹkan kan! Ọmọ yín á máa fọn fèrè, tèmi á máa jókòó bí odi!"

Kari bú sẹ́kún, ó sáré gun òkè lọ. Borghild ti wọ kóòtù, ó sì ti gbé àpò ìwé rẹ̀ sí abíyá. "Gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ, Verna," ó ní. "Aago ń lọ."

Mo wa ọkọ̀ yẹn bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ní ọ́fíìsì, akọ̀wé kan ka fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, Ìyáàfin Tveit."

"Mo mọ̀. Ṣé a lè jókòó dìgbà tí agogo mẹ́rin bá lù?"

A jókòó. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, èmi àti ẹ̀ á jọ dìde. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Desmond já wọlé, àágùn bò ó, ó na ọwọ́ sókè. Fọ́ọ̀mù kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé náà gbà á, ó kọ méjìdínlọ́gọ́ta sílẹ̀, ó wo aago, ó sì bẹ̀ wá pé kí a má bínú. Ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì lẹ́yìn wa.

N kò bá Borghild sọ̀rọ̀ títí di oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ Ẹtì yẹn, ó dúró lẹ́bàá títì nígbà ìwọ́de, ó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹgbẹ́ afọnfèrè tí Kari máa wọ̀, mo sì gba òdìkejì títì lọ. Ó ń gbé búrẹ́dì wá sí ẹnu ọ̀nà mi, èmi kì í fọwọ́ kàn án, Lorene á gbé e wọlé á sì jẹ ẹ́ tán. Lorene lọ sí ilé-ìwé gíga yẹn. Mo ń ka ọjọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lórí kàlẹ́ńdà, kò sì sí ọjọ́ kan tó padà wálé pé òun sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ló máa ń wà nílé Borghild, tó ń bá a di fọ́ọ̀mù tuntun sínú àpòòwé. Ìlà burúkú yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ wọn. Orúkọ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ. Nígbà tí oṣù Karùn-ún ọdún kejì dé, fọ́ọ̀mù náà di mẹ́tàléláàádọ́rin, Kari kò sì sí nínú wọn.

Ilé-ìwé náà ṣí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972. Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́, gbogbo wọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n gbé ike sí abẹ́ ibi tó ń jò. Mo ti lọ bá Borghild gé kárọ́ọ̀tì, a sì dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Desmond béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀. Lorene nawọ́.

Ó dìde. "Ọ-ọ-ọ," ó ní, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó ń wá, ó ti wà lórí ahọ́n mi, mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Borghild fi ọwọ́ tútù di ọwọ́ mi mú, ó fún un tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dùn mí dé egungun. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn yẹn. Kò sí ẹni tó bá a parí rẹ̀. Omi ń kán sínú ike.

"Ọ-ọbẹ̀ ẹja yìí," Lorene ní, "iyọ̀ rẹ̀ ti p-p-pọ̀ jù, Borghild."

"Ó dáa," Desmond ní, "ṣé ká dìbò lé e?"

Ọmọ mi ṣì wà lórí ìdúró. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì tún na ọwọ́ sókè.

"Ẹ d-dúró," ó ní. "Mi ò t-tíì parí."