Iṣẹ́ Ọdún Méjìlélógún Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ọdún méjìlélógún ni Ardis Kolstad fi fa wáyà nínú ilé àwọn ará ìlú Ely kó tó mọ̀ pé lójú ìjọba, òun kò fa ẹyọ kan rí.

Òun àti Verlyn ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ́ ilé ìsinmi sí etí adágún, tó fẹ́ kí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kọ́ sára ògiri, kí wọ́n fi sípíkà pamọ́ sínú àjà, kí orin máa dún láti yàrá ìgbàlejò dé ilé ìwẹ̀, àwọn méjèèjì ló máa pè. Verlyn ga, ó sì sanra, àlàfo tó wà lábẹ́ ilé kò gbà á. Ardis ló tín-ín-rín, tí apá rẹ̀ gùn. Òun ló ń fi àyà fà wọ abẹ́ ilé pẹ̀lú iná lórí, òun ló ń gun òkè àjà lákòókò ooru, tí òógùn á sì máa ro tótó sórí wáyà. Verlyn á dúró nísàlẹ̀, á máa fi ìka kan ògiri, wọ́n á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn pákó títí orí wáyà á fi yọ síta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, Verlyn jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láti wọ bàtà, kò sì dìde mọ́. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọn ò bímọ.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, Ardis padà sí ilé dókítà eléyín kan tó ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ ṣì kù díẹ̀ níbẹ̀, kò sì mọ nǹkan mìíràn tó lè fọwọ́ ṣe. Orí àkàsọ̀ ló wà nígbà tí Rollie Beck wọlé. Rollie ló ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ yẹ iṣẹ́ iná àti wáyà wò ní gbogbo agbègbè náà. Ó ti mọ tọkọtaya yìí látìgbà pípẹ́, ó sì wà lára àwọn tó gbé pósí Verlyn. Ó wo iṣẹ́ náà yíká, ó ní ó dáa. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá ka ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì ṣí fìlà.

"Ardis, orúkọ ta ló wà lórí ìwé yìí?"

"Ti Verlyn ni."

"Verlyn ti kú."

"Mo mọ̀, Rollie. Èmi ni mo yan pósí ẹ̀."

 Rollie wá ṣàlàyé pé Verlyn ló ni ìwé àṣẹ, ilé-iṣẹ́ kọ́, ọjọ́ tó kú ni ìwé náà sì kú. Títí ẹlòmíì tó ní ìwé àṣẹ á fi dúró ní ipò rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún gba owó lọ́wọ́ onílé nítorí wáyà lábẹ́ orúkọ yẹn. Ó ní bó bá jẹ́ tinú òun, òun á ṣe bí ẹni tí kò rí i, ṣùgbọ́n bí iná bá sọ nílé yìí lọ́la, Ardis ni wọ́n máa mú. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀ kalẹ̀. Ardis sọ̀ kalẹ̀. Rollie bá a gbé àkàsọ̀ dé ìdí ọkọ̀.

Nígbà tó pe ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ lórí fóònù, obìnrin tó dá a lóhùn ṣe jẹ́jẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní Ardis lè ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ, bó bá ṣáà ti lè fi hàn pé òun ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta lábẹ́ ẹni tó ní in. Ardis rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ní ọdún mẹ́ta kẹ̀? Òun ní méjìlélógún.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, màdáàmù," ni obìnrin náà wí. "Ẹ kàn fi ìwé tí orúkọ yín ti jáde ránṣẹ́ sí wa. Èyíkéyìí tí ilé-iṣẹ́ bá ti kọ yín sí."

Ọjọ́ méjì ló fi tú àpótí ìwé tó wà ní yàrá abẹ́lẹ̀. Verlyn kì í fi ìwé ṣeré, ẹ̀dà gbogbo fọ́ọ̀mù ló tò lọ́dọọdún. Níbi tí ìjọba ti béèrè pé àwọn wo ló ń bá a ṣiṣẹ́, ó kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí gbogbo wọn pẹ̀lú yíǹkì dúdú, lẹ́tà rẹ̀ rẹwà: Kò sí. Kò sí. Kò sí.

Ardis mọ ìdí rẹ̀. Bí Verlyn bá kọ orúkọ òun, ó di dandan kó forúkọ òun sílẹ̀ bí akọ́ṣẹ́, kó sì máa san owó ìbánigbófò fún òun bí òun bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀, agbára rẹ̀ kò sí. Kì í ṣe ìkà ló fi ṣe é. Ó kàn jẹ́ pé nígbà tí agbára dé, kò rántí padà lọ tún un kọ ni. Èyí tó wá dun Ardis jù ni pé òun fúnra rẹ̀ ló ń fi àwọn fọ́ọ̀mù náà sínú àpò ìwé, tó ń lẹ sítáǹbù, tó ń fi wọ́n ránṣẹ́. Kò ṣí ọ̀kan wò rí. Kí ló máa wò níbẹ̀?

Ó jókòó sórí símẹ́ńtì tútù níbẹ̀. Ó ń wù ú kó bá ọkọ rẹ̀ jà, bí wọ́n ṣe máa ń jà lórí ibi tí wáyà máa gbà, kí ó pariwo, kí Verlyn náà pariwo, kí wọ́n wá lọ jẹun. Kò sí ẹni tó máa dá a lóhùn. Bó bá sọ ọ́ fún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n á ní èèyàn dáadáa ni Verlyn. Bẹ́ẹ̀ èèyàn dáadáa ni lóòótọ́. Nítorí náà kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ó wa ọkọ̀ lọ sí ìlú Hibbing lọ bá Travis Maki. Travis ti bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, láìsí orúkọ tirẹ̀ náà nínú ìwé, nígbà tó ṣì ń wá ohun tó máa fi ayé ẹ̀ ṣe. Ardis ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi okùn fa wáyà gba inú ògiri. Travis ti ní ìwé àṣẹ báyìí, ó ní ilé-iṣẹ́, ó sì ní òṣìṣẹ́ márùn-ún. Ó bu kọfí fún un, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó sì fa kálámù yọ.

"Ìyẹn ò le rárá. Mo máa kọ ọ́ pé ẹ ti bá mi ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Ta ló máa wá wádìí?"

Ardis wo kálámù náà. Bó bá gbà, lóṣù tó ń bọ̀ ó máa ṣe ìdánwò, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Rárá," ló wí. "Ìwé ti purọ́ nípa mi tó, Travis. Forúkọ mi sílẹ̀ bí akọ́ṣẹ́."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin mà lẹ kọ́ mi níṣẹ́!"

"Ṣó o nílò ẹni tó lè wọ abẹ́ ilé àbí o ò nílò ẹ̀?"

Bí Ardis Kolstad ṣe di akọ́ṣẹ́ nìyẹn lẹ́ni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ó ń wa ọkọ̀ wákàtí kan àtààbọ̀ lọ, wákàtí kan àtààbọ̀ bọ̀. Káàdì tó ń mú kiri sọ pé kò gbọ́dọ̀ dá ṣiṣẹ́. Bí onílé bá bi í ní nǹkan, tó sì dá a lóhùn bó ṣe yẹ, onílé ṣì máa ní kó jọ̀ọ́ kó pe ọ̀gá wá. Travis máa ń tijú nítorí rẹ̀, ìtìjú yẹn sì mú kó máa yẹra fún un. Àwọn ọkùnrin yòókù kò rí i fín, wọn ò kàn mọ ohun tí wọ́n lè bá a sọ ni. Lọ́sàn-án wọ́n á kóra jọ, wọ́n á máa jiyàn lórí bọ́ọ̀lù orí yìnyín, Ardis á jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ìrẹsì tó gbé sínú fúláàsì, á fi ẹ̀rọ amúlégbóná sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, á máa wo bí èémí rẹ̀ ṣe ń bo gíláàsì iwájú. Nígbà mìíràn láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di àárọ̀ Ajé, kò lo ohùn rẹ̀ fún nǹkan kan. Ó ṣàkíyèsí i ní àárọ̀ Ajé kan tó kí Travis, tí ohùn rẹ̀ jáde bíi ti ẹni tó ń ṣàìsàn.

Òru ni ohun tó rò pé ó máa le jù, ṣùgbọ́n òru kò le. Inú àjà ló ti le. Bó bá ti ti orí wáyà wọnú ògiri, ẹnu rẹ̀ á ṣí fúnra rẹ̀ láti bèèrè pé ṣé ó ti dé. Ó pẹ́ kí ẹnu náà tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Ọdún mẹ́ta pé. Ó wa ọkọ̀ lọ sí St. Paul, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, láti ṣe ìdánwò, láàárín àwọn ọmọkùnrin tó lè bí. Àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fẹ́. Ó gba mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó yà sílé oúnjẹ kan lẹ́bàá títì ní Hinckley. Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ bi í pé kí ló fẹ́, Ardis sì dáhùn pé òun ti yege. Obìnrin náà bi í pé kí ló yege. Ó sọ fún un, gbogbo rẹ̀, láti orí bàtà tí Verlyn ń wọ dórí máàkì. Obìnrin náà dúró tì í pẹ̀lú ìgò kọfí lọ́wọ́, ó gbọ́ ọ dópin, ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ń gba ìwé àṣẹ fún irú ìyẹn, ó sì lọ bá àwọn tó kù.

Travis ní kó dúró, òun á fi í ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́. Ardis dúpẹ́, kò gbà. Lóṣù kẹrin ìwé àṣẹ dé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ nìkan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ṣiṣẹ́ ní Ely. Iṣẹ́ ẹni méjì ni, nítorí náà ìlọ́po méjì àkókò ló ń gbà á. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń lọ wò ó nínú yàrá, ó ń padà sínú àjà.

Ní ọjọ́ Àìkú kan nígbà òtútù, ó parí iṣẹ́ ní ìlú Tower, nílé nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Ó tan fíìmù kan láti fi dán sípíkà wò. Àwọn ọmọ ti jókòó sílẹ̀ kó tó kó irin iṣẹ́ tán. Nọ́ọ̀sì náà ní, "Ẹ jókòó díẹ̀ o jàre, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún." Kò sí oníbàárà tí kì í sọ bẹ́ẹ̀, Ardis sì ní èsì tó fi máa ń kọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì jókòó sétí àga, pẹ̀lú bàtà tó fẹ́ wọ lọ́wọ́. Ìyá arúgbó ń bèèrè pé ta ni ẹni yẹn nínú fíìmù náà, àwọn ọmọ ń dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan ń jẹ gúgúrú. Oorun gbé Ardis lọ; nígbà tó fi jí, fíìmù ti parí, òde ti ṣókùnkùn, wọ́n ti da aṣọ bò ó, wọ́n sì ń jẹun jẹ́jẹ́ ní ilé ìdáná kí wọ́n má bàa jí i.