Ìyá Ifẹ̀ Kò Sọ Ova

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé irọ́ ni, kó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. N kì í mutí. N kì í lá àlákálàá. Àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, oòrùn ti yọ, mo ti jẹ àkàrà mi tán, ojú mi sì dá ṣáṣá.

Mo ń wo bí ẹ ṣe ń kí ara yín lórí fóònù láràárọ̀, ẹ̀yin ọmọ ìwòyí. "Òjò rọ̀ lọ́dọ̀ wa o." "Ọmọ mi ti ń rìn." "Ibo lẹ lọ ní Sátidé?" Ẹni tí ẹ kò fojú rí rí, ẹ ti mọ ohun tí ìyá ọkọ ẹ̀ fi ń bá a jà. Ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀. Àwa ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín.

Nígbà tí Kọ́gí ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, tí àwọn èèyàn ṣì ń ṣèèṣì kọ Kwárà sí ẹ̀yìn lẹ́tà, Kábà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì kékeré kan tó jẹ mọ́ ti àwọn àgbẹ̀. Iṣẹ́ mi ò wúwo. Agolo kan wà lẹ́yìnkùlé tí a fi ń gba òjò. Láago méje àárọ̀, màá lọ wo bí omi inú ẹ̀ ṣe ga tó, màá kọ ọ́ sínú ìwé, màá dà á nù, màá wá jókòó ti rédíò, irú èyí tí èèyàn fi ń sọ̀rọ̀ tí ará ìlú míì á máa gbọ́. Bátìrì mọ́tò ló ń lò. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, o máa tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀. Bí o bá sọ tán, o máa ní "ova," o máa wá tú u sílẹ̀ kí ẹnì kejì lè fèsì. Bí o kò bá sọ ova, ẹnì kejì ò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ ti tán.

Àwa mẹ́ta la máa ń pàdé níbẹ̀, orúkọ ìlú wa la sì fi ń pe ara wa. Èmi ni Kábà. Ọkùnrin kan wà ní Odò-Ẹrẹ̀, òun náà ni Odò-Ẹrẹ̀. Ohùn ẹ̀ wúwo débi pé mo rò pé òmìrán ni. Ẹnì kẹta ni Ìyá Ifẹ̀, àgbàlagbà obìnrin tó ń wo agolo tiwọn ní Ifẹ̀-Olúkòtún.

Ọ̀rọ̀ òjò ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ gbà mí gbọ́, wákàtí kan la fi ń tàkúrọ̀sọ.

"Okun o, Kábà," Ìyá Ifẹ̀ á ní. "Ṣé o jí ire? Òjò tiwa lánàá ò ju ìtọ̀ eku lọ. Kí lo sè? Ova."

Okun, ìkíni wa nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀. Bí a bá pàdé, okun. Bí o bá ń ṣiṣẹ́, okun. Bí ibi bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, okun náà la máa wí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ìyá Ifẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí kò ní dì, láti orí rédíò. Odò-Ẹrẹ̀ á máa dá sí i pé òun náà ń gbọ́, kí a má gbàgbé ẹja. Nígbà tí ọkùnrin kan ń kọnu sí mi, Ìyá ní kí n pè é wá sí ẹ̀gbẹ́ rédíò, ó sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ títí òógùn fi bò ó. Lẹ́yìn tí ó lọ tán, Ìyá ní, "Ó ń fèsì kí n tó sọ ova. Kò ní sùúrù. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀ mọ́. Fẹ́ ẹ." Mo fẹ́ ẹ, ẹ wò ó, òun náà ló ń hanrun nínú yàrá yìí.

Ìyá tó bí mi kú kí n tó mọ ojú ẹ̀. Kò ya fọ́tò rí láyé ẹ̀. Nítorí náà, ohùn Ìyá Ifẹ̀ yìí, mo fi ṣe ìyá. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ọkàn mi ń fẹ́: kí n rí ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

Lẹ́tà wá dé. Wọ́n ní ti Ìlọrin ni rédíò wọ̀nyẹn, Kọ́gí ti kó jáde, kí ó dá ẹrù onílé padà. Wọ́n ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni wọ́n máa wá kó wọn. Mo sunkún, n ò purọ́. Tẹlifóònù ò sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa, bí rédíò bá lọ, ó parí nìyẹn. Odò-Ẹrẹ̀ ló ní kí a pàdé ní Ifẹ̀ ní Sátidé tó ṣáájú Mọ́ńdè náà, kí a rí ara wa. Inú Ìyá dùn débi pé ó gbàgbé bọ́tìnnì, a sì ń gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan.

"Mo ti ya iṣu sọ́tọ̀," ó ní. "Kábà, mú búrẹ́dì yín tó rọ̀ yẹn wá fún mi. Ẹ má yẹ̀ ẹ́ o. Ova."

Ọjọ́ Tọ́sìdeè tó tẹ̀ lé e ni nǹkan yí padà, n ò kàn fura ni. Ìyá kí mi, ó sọ pé òjò ńlá rọ̀ lọ́dọ̀ òun, ó bi mí nípa ọkọ mi, ó wá dákẹ́. Kò sọ ova. Mo ń retí. Bí mo ṣe tẹ bọ́tìnnì, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá, ẹ ti gbàgbé ova o. Ova."

"N ò gbàgbé," ó ní. "Ọ̀rọ̀ mi ni ò tíì tán."

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láràárọ̀, títí kan Jímọ̀ tó ṣáájú ìrìn wa. Kò sọ ova mọ́. Àwàdà ẹ̀ wá pọ̀ sí i, ẹ jọ̀ọ́, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó sọ ìtàn ọjọ́ tó jábọ́ sínú agbada ẹlòmíì nígbà tó wà ní ọmọdé, mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá mi fi wá wò mí lẹ́nu ọ̀nà. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé òjò ń rọ̀. Mo sì ń gbọ́ òjò náà lẹ́yìn ohùn ẹ̀, lórí páànù, wọ̀ọ̀ọ̀.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, Odò-Ẹrẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Kábà. Ẹnìkan ti Ifẹ̀ dé lánàá. Ó ní òjò ò tíì kán síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, eruku ni wọ́n ń mu. Òjò wo ni Ìyá ń kà? Ova."

Ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni pé rédíò kan náà kọ́ ni gbogbo wa ń gbọ́. Kí n tó fèsì, ohùn Ìyá wọlé, jẹ́jẹ́.

"Mo gbọ́ ọ, Odò-Ẹrẹ̀. Òjò tèmi ni mò ń sọ."

Mo tú ọwọ́ mi kúrò lórí bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ ló tún bi mí bóyá màá wọ bàtà gíga wá, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ilé òun ní òkúta. Ẹ̀rù wo ló tún kù? Mo ní àgbà ló ń dé sí i.

Sátidé pé. Mo wọ ankará mi tuntun, mo di búrẹ́dì mẹ́rin sínú báàgì, mo wọ mọ́tò. Nígbà tí mo sọ̀ ní Ifẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan ti gbé alùpùpù sábẹ́ igi, ó so àkùkọ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Ó kéré débi pé bó ṣe jókòó lé e, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kanlẹ̀ dáadáa. Mo kọjá lára ẹ̀. Ó wá ní, "Okun o, Kábà," ohùn òmìrán yẹn gan-an.

Mo fẹ́ẹ̀ kú fún ẹ̀rín. Òun náà ní ohùn mi tínrín, òun ò mọ̀ pé ara mi tó báyìí. Bí a ṣe ń bú ara wa nìyẹn títí a fi wọ àdúgbò Ìyá, eruku ń sọ lẹ́sẹ̀ wa.

Ẹnikẹ́ni tí a bá béèrè ilé Ìyá lọ́wọ́ ẹ̀, á wò wá, á ní, "Okun o." Àgbẹ̀ kan gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó ní, "Okun, okun." Àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gúsí kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa náà ń dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, "Okun o, ẹ ṣeun o." Odò-Ẹrẹ̀ tiẹ̀ ń juwọ́ sí wọn. Mo ní, "Àwọn ará ibí mà kóòyàn mọ́ra o." Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ti ń sọ láti kékeré, a ò mọ èyí tí wọ́n ń sọ sí wa.

Ọmọ Ìyá, obìnrin kan tó tó ogójì ọdún, jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Ó wo àkùkọ, ó wo búrẹ́dì, ó dìde.

"Ẹ̀yin ni Kábà àti Odò-Ẹrẹ̀," ó ní. "Okun o. Ìyá ti lọ. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí."

Mo ní rárá. Mo ní àná la jọ sọ̀rọ̀, pé ní Wẹ́sìdeè ó ní kí n má wọ bàtà gíga. Mo gbé ẹsẹ̀ mi sókè pé kó wò ó, sálúbàtà ni mo wọ̀. Ọmọbìnrin náà ò bá mi jiyàn. Ó mú wa wọ yàrá, ó gbé etí bẹ́ẹ̀dì sókè. Bátìrì rédíò wà níbẹ̀, ó ní àwọn ló gbé e wálé ní Tọ́sìdeè tí Ìyá kú, kí olè má gbé e. Kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì tí rédíò wà sì wà lọ́rùn ọmọ Ìyá fúnra ẹ̀, kò tíì bọ́ ọ láti ọjọ́ náà.

Odò-Ẹrẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi, ojú Ìyá ni mo ń ronú. Mo ti pẹ́ jù. Ìyá kejì tún lọ láìjẹ́ kí n rí ojú ẹ̀. Ó dùn mí débi pé n ò lè sunkún.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò ránṣẹ́ sí wa. Ó ní Ìyá ló kọ̀ kó tó lọ. "Ó ní bí ẹ bá gbọ́, ẹ máa wá sunkún. Òun fẹ́ kí ẹ wá jẹun. Ó ní kí n gúnyán fún yín lónìí, kí n sì fún Kábà ní èyí."

Fọ́tò ni. Ìyá lọ yà á ní ọjọ́ tí a ṣe àdéhùn lórí rédíò. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, eyín ẹ̀ pín sí méjì láàárín, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá mi ṣeré. Sísanra ni mo rò pé ó sanra. Mo rí ojú ẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹkún mi wá jáde, ẹkún ayọ̀ sì wà nínú ẹ̀.

A jẹun, ẹ gbà mí gbọ́. Iyán náà funfun, ó kúnná. Odò-Ẹrẹ̀ ṣì ń nu ojú nígbà tí àkùkọ já okùn, ó kọjá lórí ọbẹ̀, gbogbo agbo ilé sì lé e yí ká. Ọmọ Ìyá tó wọ aṣọ dúdú ló mú un. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá.

Kí a tó lọ, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo agolo òjò Ìyá. Ilẹ̀ yí i ká ti sán. Mo wo inú ẹ̀. Omi kún un dé etí, ó tutù nini, kò sí ewé kan nínú ẹ̀. A rọra kúrò níbẹ̀.

Láago méje Mọ́ńdè, kí àwọn ará Ìlọrin tó dé, mo tẹ bọ́tìnnì. Mo ní, "Okun o, Ìyá Ifẹ̀. Ova." Mo gbọ́ òjò lórí páànù. Mo gbọ́ bí Odò-Ẹrẹ̀ ṣe ń mí.

"Okun o, Kábà," Ìyá ní. "Ṣé iyán yẹn ò le jù?"

"Kò le, Ìyá. Ova."

Òjò náà ń rọ̀ títí àwọn tó fẹ́ kó rédíò fi wọlé. Wọ́n yọ wáyà bátìrì. Ó ṣì ń rọ̀ nínú rédíò. Èyí tó gbé rédíò mọ́ra wò mí, ó rọra gbé e sílẹ̀, ó jáde lọ dúró sínú oòrùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí òjò náà tó dá.

Títí di òní, n ò gbọ́ ova Ìyá. Bí òjò bá ń rọ̀ lórí páànù láàárọ̀, màá yí rédíò ilé wa pa, ọkọ mi á ní kí ló dé, màá ní kò sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kí ara yín lórí fóònù, mo ti kìlọ̀ fún yín. Ẹni tó ń bá yín rẹ́rìn-ín láràárọ̀ tí ẹ kò rí rí, ẹ má dúró de Sátidé. Ẹ mú búrẹ́dì dání, ẹ lọ wo ojú ẹ̀. Bí ẹ bá dé àdúgbò ẹ̀ tí wọ́n sì ní "okun" fún yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè okun èwo ni, kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ tèmi tán. Ova.